Ẹni Tí Ó Ní Kí A Má Wá

Ní ọdún 1973, nígbà tí àwa wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ yìí, olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì fa ìlà kan sí ojú pátákó. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ nítòsí òkun ní apá ìwọ̀-oòrùn, ó gòkè lọ bí ẹni tí ó ń sá fún omi iyọ̀, ó kan aṣálẹ̀, ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ó bi wá pé, "Odò wo nìyí?" A dáhùn pé Odò Ọya ni. Ó tún bi wá pé, "Èé ṣe tí ó fi kọ ẹ̀yìn sí òkun tí ó wà nítòsí rẹ̀, tí ó gba ojú iyanrìn lọ kí ó tó padà wá wá òkun?" Kò sí ẹni tí ó lè fèsì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dára. Ẹ dàgbà, kí ẹ lọ wò ó."

Gbólóhùn yẹn ni ó bí ìtàn yìí. Orí òkè ilẹ̀ Gínì ni odò náà ti ṣẹ̀, níbi tí kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ sí Òkun Àtìláńtíìkì, ṣùgbọ́n nǹkan bí 4,180 kìlómítà ni ó ń rìn kí ó tó dé òkun ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní àárín ìrìn náà, ó la ilẹ̀ Mali kọjá, ó sì fi ara kan etí aṣálẹ̀ Sàhárà nítòsí ìlú Timbuktu, kí ó tó yí orí padà sí gúúsù. Odò ńlá tí ó ń ṣàn ní ojú aṣálẹ̀! Ọmọdé ni wá nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà sì dúró sí wa lọ́kàn.

A jáde ní ọdún 1976. Nígbà tí ó di ọdún 2011, tí ó pé ọdún 35 tí a ti jáde, àwọn ẹgbẹ́ wa wí pé aṣọ ẹgbẹ́ àti àsè nìkan kò tó láti fi ṣe àjọ̀dún bẹ́ẹ̀. Akápò wa ni ó rán wa létí ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà. Alhaji ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Mùsùlùmí tí ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni tọ́ dàgbà ni, kò sì sí nínú wa ẹni tí ó mọ orin ìjọ ju òun lọ. Ohun tí ó wù ú ní Timbuktu ni mọ́ṣáláṣí Sankore àti àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí àwọn ìdílé ìlú náà ti fi pamọ́ láti ìran dé ìran. Ohun tí ó wu àwa ni odò náà. A fi ẹnu kò pé a óò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Timbuktu, wọ́n sì fi àwa tí à ń kọ ìwé yìí ṣe alága ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò.

Ilé Alhaji ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni a ti ń ṣe ìpàdé, ní ìyẹ̀wù òkè tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà. Ó yẹ kí á sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àdúgbò náà, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gba ojú ọ̀sà sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọdún 1862 ni wọ́n padà wá, ibi tí wọ́n sì tẹ̀dó sí ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Ọṣọ́dì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, ni aṣáájú àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ń fi ibi tí wọ́n ti bí i hàn: ilẹ̀ Tápà ni, ilẹ̀ tí Odò Ọya ń ṣàn gbà. Nítorí náà, nígbà tí Alhaji bá ń ṣàwàdà, a máa wí pé, "Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, omi ni ó gbé wa lọ, omi ni ó gbé wa dé. Ta ni yóò wá fi odò dẹ́rù bà wá?"

Oṣù mẹ́jọ ni a fi ṣe ètò náà, a sì kọ́ ohun púpọ̀. Ohun kìíní tí a kọ́ ni pé odò náà kì í tẹ̀lé òjò ibi tí ó wà. Láàrin oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni òjò máa ń pọ̀ jù ní òkè Gínì. Omi náà yóò rìn wá sí Mali, yóò tẹ́ rẹrẹ sí orí pápá àti àbàtà tí ó gbòòrò bí òkun kékeré, oòrùn yóò fa púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ, èyí tí ó kù yóò sì máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi dé ìtòsí Timbuktu, yóò ti di oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní. Ìgbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ojú sánmà gbẹ táútáú, tí kò sí ẹni tí ó rántí òjò mọ́, ìgbà náà ni odò kún jù lọ. Bí ó bá sì di oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà, omi yóò ti fà débi pé ọkọ̀ ńlá kò ní lè rìn. Ẹni tí ó bá fi òye Èkó ṣe ètò, tí ó ń retí odò kíkún ní ìgbà òjò, yóò bá iyanrìn pàdé.

Ohun kejì ni ọ̀nà. Ọkọ̀ òfuurufú ni yóò gbé wa láti Èkó dé Bamako. Láti ibẹ̀, a óò wọ ọkọ̀ ilẹ̀ gba Ségou lọ sí Mopti, ìrìn tí ó lé ní 600 kìlómítà, a óò sì yà ní Djenné láti wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n fi amọ̀ kọ́, èyí tí wọ́n tún kọ́ ní ọdún 1907. Ní Mopti ni a óò ti bọ́ sínú ọkọ̀ gígùn tí wọ́n ń pè ní pinasse, tí ó ní ẹ́ńjìnnì ní ìdí àti òrùlé ẹní ní orí. Nǹkan bí 400 kìlómítà ni láti ibẹ̀ dé Korioumé, èbúté Timbuktu. Ọjọ́ mẹ́ta ni a yà sọ́tọ̀ fún un: a óò la adágún Debo kọjá, a óò kan Niafunké, a óò sì máa pàgọ́ sí etí odò ní alaalẹ́.

Ohun kẹta ni ìmúra. Akọ̀wé wa, obìnrin nọ́ọ̀sì tí ó ti rí ohun púpọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ni ó kọ ìwé ohun tí olúkúlùkù yóò mú wá: káàdì abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, oògùn ibà, àwọ̀n ẹ̀fọn, kúbùsù tí ó nípọn nítorí òtútù òru aṣálẹ̀, aṣọ tí a óò fi wé orí àti imú nítorí eruku, àti ìwé láti ọwọ́ dókítà fún gbogbo ẹni tí ó bá ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ. Gbogbo wa ni ó sì kàn! Mẹ́rìnlá ni wá. Ó ní kí á ra jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó mẹ́rìndínlógún, méjì fún àwọn atukọ̀. Nígbà tí ẹnìkan wí pé àwọn atukọ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀, ó fèsì pé òun ti wẹ òkú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ rí.

Ohun kẹrin, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ni afinimọ̀nà. Abéèrè kì í ṣìnà. Ọ̀kan nínú wa tí ó ti ń gbé ní Kútọnu láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó gbọ́ èdè Faransé dáadáa, bá wa rí ọkùnrin kan ní Mopti. Ọmọ Bozo ni, ìyẹn àwọn apẹja tí wọ́n ti ń gbé lórí odò náà láti ayébáyé. Bàbá rẹ̀ tukọ̀, bàbá bàbá rẹ̀ tukọ̀. Láti ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ ibi tí erinmi máa ń wà, àti ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ la adágún Debo kọjá nígbà tí atẹ́gùn bá ga. Ó béèrè iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa wọ̀n. Ó béèrè bóyá a ní àìsàn. A rántí pé a bínú díẹ̀ sí ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí a kà á sí àṣejù. A fi ìdá kan nínú mẹ́ta owó ránṣẹ́ sí i ní àsansílẹ̀, a sì dá ọjọ́: ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni a óò bọ́ sínú ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kọkànlá, àwa alága gun orí àga ìwàásù, a sì kéde fún ìjọ pé Ọlọ́run ti la ọ̀nà fún wa sí ilẹ̀ jíjìn. Ìjọ hó ìhó ayọ̀. Ẹnu wa kún fún ìrìn-àjò náà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ ọ́ di ẹ̀rí kí a tó lọ.

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn agbébọn wọ ilé oúnjẹ kan ní Timbuktu ní ọ̀sán gangan. Wọ́n jí àwọn àjèjì mẹ́ta gbé, wọ́n sì yìnbọn pa ẹnìkẹrin, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, nítorí tí ó kọ̀ láti bá wọn lọ. Ní ọjọ́ kejì, afinimọ̀nà wa tẹ ará wa ní Kútọnu láago. Ohun tí ó sọ nìyí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ fún wa: "Ẹ bá mi sọ fún àwọn àgbà yẹn pé omi dára, ọkọ̀ sì dára, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé wọn lọ. Bí mo bá gbé wọn, n ó gba owó. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe wọ́n, kí ni n ó sọ fún àwọn ọmọ wọn? Kí wọ́n má wá."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, a pé jọ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ìtìjú ni ó ń ti àwa alága láti jẹ́wọ́ ohun tí a sọ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n bí a kò bá jẹ́wọ́ rẹ̀, kí ni à ń kọ ìwé fún? A kọ́kọ́ wí pé òyìnbó ni wọ́n ń jí gbé, àwa kì í sì í ṣe òyìnbó. Ará wa ní Kútọnu, tí ó wà lórí fóònù, dáhùn pé òun ti bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè kan náà, ó sì ní ọta ìbọn kì í wo àwọ̀ ènìyàn kí ó tó wọlé. Nígbà náà ni a ṣí Bíbélì sí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 27. A rán àwọn ẹgbẹ́ wa létí pé ìjì jà, ọkọ̀ fọ́, síbẹ̀ nítorí Pọ́ọ̀lù, kò sí ọ̀kan nínú àwọn èrò ọkọ̀ tí ó ṣègbé. A béèrè bóyá ìgbàgbọ́ ti tán ní àárín wa.

Akọ̀wé wa dákẹ́ títí a fi parí. Lẹ́yìn náà ni ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé, "Àlùfáà, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i padà sí ẹsẹ kẹsàn-án." A ṣí i padà. Níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù kan náà ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣíkọ̀ rárá, nítorí ìgbà ti kọjá, òfò sì ń bẹ níwájú. Ṣùgbọ́n balógun ọ̀rún kò gbọ́ tirẹ̀. Akọ̀wé ní, "Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n má lọ, sà. Àánú Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe àìgbọ́ràn. Ṣé àìgbọ́ràn náà ni a fẹ́ fi ṣe ìgbàgbọ́?"

A ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìwàásù ní ìgbà náà, a sì ti ka orí yẹn ní èdè Gíríìkì ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà. Ó ṣe é tí obìnrin tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi fi mọ̀ ọ́n kà jù wá lọ? Ìdáhùn náà ni pé òun kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa sì kà á láti ibi tí ó dùn mọ́ wa.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá há mọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ a máa wá ẹni tí yóò gbé ẹ̀bi rù. A yíjú sí afinimọ̀nà. A wí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti rí ẹlòmíràn tí yóò san ju owó wa lọ. A ní bóyá ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù jẹ àsansílẹ̀ wa mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu wa, lẹ́nu àlùfáà, nípa ẹni tí a kò tíì fi ojú rí rí.

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ohùn ará wa ní Kútọnu jáde láti inú fóònù tí ó wà lórí tábìlì: "Owó yín ti dé ọwọ́ mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó yọ owó díséèlì tí ó ti rà àti ti ẹní tuntun tí ó fi bo ọkọ̀. Ó dá gbogbo ìyókù padà. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán ni."

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ilẹ̀ bá lanu ní ọjọ́ náà, à bá bọ́ sínú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ní ọkọ̀ kan ṣoṣo. Oṣù díẹ̀ nínú ọdún ni omi fi máa ń kún tó fún irú iṣẹ́ rẹ̀, inú oṣù díẹ̀ náà ni ó sì ti ń rí oúnjẹ ọdún kan. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, a óò wá, owó yóò sì wọlé. Ó sọ òtítọ́, ó sì pàdánù owó rẹ̀. Àwọn bàbá wa wí pé òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Àwa ni ọjà tí òótọ́ dé ní ọjọ́ náà, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi owó wa ra èké, kí a sì tún pe ẹni tí ó gbé òótọ́ wá ní olè.

Alhaji ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó parí ìpàdé. Ó rán wa létí pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sí ìkáwọ́ Ọlọ́run ní láti kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ohun tí a sanwó fún ni kí ó bá wa fi ojú wo odò, nítorí pé àwa kò mọ̀ ọ́n. Ó ti bá wa wò ó. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí. Èé ṣe tí owó rẹ̀ yóò fi padà sọ́wọ́ wa?" Òun, tí Timbuktu wù jù nínú gbogbo wa, ni ó sọ bẹ́ẹ̀. A dìbò, gbogbo ọwọ́ sì lọ sókè. A fi owó náà ránṣẹ́ sí Mopti padà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, a tún gun orí àga ìwàásù, a sì sọ fún ìjọ pé a kò lọ mọ́, àti ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó hó.

Ohun tí ó tẹ̀lé e, gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Mali. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, àwọn ológun fi ipá gba ìjọba ní Bamako, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, Timbuktu ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n wó àwọn ibojì àwọn ẹni mímọ́ ìlú náà. Àwọn olùtọ́jú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ìwé àfọwọ́kọ sá ní ìkọ̀kọ̀ lọ sí Bamako, nínú àpótí irin, àwọn kan lórí ilẹ̀, àwọn kan nínú ọkọ̀ pinasse lórí Odò Ọya. Nígbà tí Alhaji gbọ́ èyí, ó ní, "Nígbà tí àwa kò rí ọ̀nà lọ bá ìwé, ìwé ti wọkọ̀, ó ti sá àsálà."

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n kọlu ọkọ̀ ńlá kan tí ń jẹ́ Tombouctou lórí odò náà, wọ́n sì tún kọlu ibùdó àwọn ọmọ ogun ní Bamba. Ìjọba Mali kéde pé alágbádá 49 àti ọmọ ogun 15 ni wọ́n pa. A kò mẹ́nu kan èyí láti fi yangàn pé Ọlọ́run fẹ́ràn wa ju àwọn yẹn lọ. Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu wa mọ́. Àwọn tí wọ́n kú nínú ọkọ̀ náà gbàdúrà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa ì bá ti gbàdúrà. Àwa ń wá afẹ́ lọ ni. Ní ti àwọn, odò náà ni òpópónà wọn, bí ọ̀sà ti jẹ́ òpópónà fún àwọn tí wọ́n bá Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó ní ibòmíràn tí ó lè gbà ni a lè wí fún pé kí ó má gba ibẹ̀.

A kò jẹ́ kí àjọ̀dún wa lọ lásán. Afinimọ̀nà wa ni ó tún fún wa ní ìmọ̀ràn. Ó ní bí a kò bá lè wá bá omi, kí á dúró de omi ní ilẹ̀ wa. A wádìí, a sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya máa ń kún ní apá òkè Nàìjíríà. Èkíní ni ti òjò ilẹ̀ wa, tí ó máa ń ga jù ní ìwọ̀n oṣù Kẹsàn-án, tí omi rẹ̀ rú fún ẹrẹ̀. Èkejì ni èyí tí ó ti òkè Gínì wá, tí ó ti gba Timbuktu kọjá, tí ó sì ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní àbàtà Mali. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń dé, omi rẹ̀ a sì máa mọ́. Nítorí pé ó mọ́ tí ó sì dúdú lójú, àwọn onímọ̀ ń pè é ní ìkún omi dúdú.

Ní oṣù Kejì ọdún 2012, àwa mẹ́rìnlá wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Jẹ́bà, ní ààlà Yorùbá àti Tápà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Dayspring ti forí sọ àpáta ní ọdún 1857, nínú ìrìn-àjò tí Samuel Ajayi Crowther bá Dókítà Baikie lọ. Glover wà nínú wọn. Ilẹ̀ ni ó fi ẹsẹ̀ gbà láti ibẹ̀ wá sí Èkó láti wá ìrànlọ́wọ́, òun náà ni ó sì padà di aláṣẹ ìlú Èkó lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ tí a dé, atukọ̀ tí a bá ṣe àdéhùn wo atẹ́gùn, ó ní ó di òwúrọ̀. Kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn. Ní òwúrọ̀, a wọ jákẹ́ẹ̀tì wa, ó sì tù wá lọ sí ìtòsí àpáta gíga tí ó dúró ní àárín odò.

Omi tí ó wà lábẹ́ wa ti gba inú ìsédò Kainji àti ti Jẹ́bà kọjá, ṣùgbọ́n apá kan nínú rẹ̀ ti rí Timbuktu. Alhaji na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó bu omi náà, ó sì fi bọ́jú. Ó ní omi tí ènìyàn yóò mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti rántí ìbéèrè olùkọ́ wa. Àwọn onímọ̀ sọ pé ó jọ pé odò méjì ni Odò Ọya láyé àtijọ́: ọ̀kan ń ṣàn lọ kú sínú adágún ní etí aṣálẹ̀, èkejì ń ṣàn lọ sí òkun, títí tí wọ́n fi pàdé tí wọ́n di ọ̀kan. Èyí ni ìdáhùn ti ìwé. Ní ti àwa, ohun tí a rí ni pé bí odò náà bá ti gba ọ̀nà kúkúrú lọ sí òkun ni, kì bá tí sí Mopti, kì bá tí sí Timbuktu, kì bá sì tí sí afinimọ̀nà tí yóò sọ òtítọ́ fún wa.

Alhaji di olóògbé ní ọdún 2019. Kò rí Timbuktu. Ní ti afinimọ̀nà, a bá a sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọdún 2012. Ó ní àwọn àlejò kò wá mọ́, òun sì ti padà sídìí ẹja pípa. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. A ti gbìyànjú púpọ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àdúrà wa, a sì ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá.

Ìdí tí a fi kọ èyí sínú ìwé àjọ̀dún nìyí. Ẹgbẹ́ wa ni ó ń san owó ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ orí omi fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, yálà sí Badagry tàbí sí Ẹ̀pẹ́. A ní òfin kan ṣoṣo: atukọ̀ ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, bí ó bá sì sọ pé kò ṣeé lọ, a óò san owó rẹ̀ pé pérépéré. Ní ọdún kan, àwọn ọmọ ti wọ jákẹ́ẹ̀tì tán, wọ́n ti tò sí etí èbúté, nígbà tí atukọ̀ wo sánmà, tí ó sì mi orí. Àwọn ọmọ sunkún. A sanwó fún un. Òjò tí à ń bẹ̀rù kò rọ̀ ní ọjọ́ náà, oòrùn ni ó ràn títí di alẹ́. Òbí kan bi wá pé, "Ẹ̀yin Àlùfáà, ṣé ẹ kò rí i pé ẹ ná owó náà dànù ni?"

Ó tọ́ kí a dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ewu bá ṣẹlẹ̀ nìkan ni a ń sanwó fún ẹni tí ó kìlọ̀, ebi ni yóò kọ́ ọ láti dákẹ́. Yóò wo sánmà, yóò rántí àwọn ọmọ rẹ̀ nílé, yóò sì wí pé, "Ẹ wọlé, kò séwu." Owó tí a san ní ọjọ́ tí oòrùn ràn ni ó ń ra òtítọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ ìjì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, pé nígbà tí ẹ bá ń kó owó jọ fún ìrìn-àjò ọdún yìí, kí ẹ má ṣe yọ owó atukọ̀ kúrò bí ó bá ní kí ẹ dúró. Ẹ ka owó náà sí i lọ́wọ́ ní etí èbúté, kí àwọn ọmọ máa wò yín, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.